Ibi Tí Mo Máa Ń Dúró Sí Lórí Pápá

Bàbá mi Àáfáà, ẹni tí mo ṣì ń fetí sílẹ̀ fún bí ẹni tó kàn lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé,

Ọ̀sán Jímọ̀ ni mo fi ń kọ èyí sí yín. Wọ́n ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé tí mo ń gbé ní Tanke, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pé jọ sídìí ẹni tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá títì. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo na ẹsẹ̀ òsì mi sórí ìrọ̀rí. Ó yẹ kí n ti bá yín sọ̀rọ̀ tipẹ́. Ojú ló ń tì mí. Lẹ́yìn gbogbo ìrun ni mo máa ń ṣe àdúà fún yín, mo máa ń tọrọ àforíjì fún yín, mo sì máa ń bẹ Ọlọ́run kó fẹ ibojì yín. Àmọ́ mi ò kì í sọ ohunkóhun nípa ara mi, bíi pé tí mi ò bá ti sọ ọ́, ẹ ò ní gbọ́.

Bàbá, iṣan orúnkún mi já.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló ṣẹlẹ̀. À ń bá ikọ̀ kan tó wá láti òkè ọya gbá họ́kì ní pápá ìṣeré. Bọ́sẹ̀ asọ́lé wa ló gbá bọ́ọ̀lù náà jáde sí mi. Ẹ rántí Bọ́sẹ̀, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ga yẹn, òun ló máa ń jẹ wàrà dídín tí ẹ bá gbé wá fún wa jù lẹ́yìn ìdíje, tí ẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, torí ilé tó ń ṣọ́ fẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà dé ọwọ́ mi, mo fẹ́ yí sápá ọ̀tún, ara mi yí, ẹsẹ̀ mi ò yí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní ẹnì kan ló fi igi gbá mi ni, ǹ bá rí ẹni tí màá máa bínú sí. Mo gbọ́ ọ nínú orúnkún mi bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ ya, mo sì ṣubú.

Mo pariwo. Kì í ṣe Ọlọ́run ni mo pè, Bàbá, ẹ̀yin ni mo pè. Mo ń pè yín lójú gbogbo èèyàn bí ọmọ kékeré, ẹ̀yin tí a ti sin. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ara mi ń gbóná nísàlẹ̀. Mo ti tọ̀ sára. Ṣòkòtò funfun la wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Rẹfirí ń bọ̀, àwọn ọmọ ikọ̀ kejì ń bọ̀, àwọn tó wà ní ibi ìjókòó ti dìde dúró kí wọ́n lè rí mi dáadáa.

Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, tòun ti gbogbo ìhámọ́ra tí asọ́lé máa ń wọ̀ sẹ́sẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo ṣòkòtò mi. Ó já ike omi gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e bọ̀, ó sì da gbogbo ẹ̀ lé mi láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ó tún gba òmíràn, ó tún dà á. Ó wá kọjú sí àwọn èèyàn, ó ní, "Ẹ sún sẹ́yìn. Ooru ló mú un." Nínú ọyẹ́ tó ń bẹ́ ni létè. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ooru wo.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Dókítà ní ó lè tó ọdún kan kí n tó sáré, òun ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé màá gbáyò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní mò ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí gééìtì yunifásítì. Mi ò dárúkọ họ́kì. Kóòṣì Fúnmi, tó dúró tì mí, ló sọ fún un pé èmi ni balógun ikọ̀ wa, pé àárín ni mo máa ń dúró sí.

Ìyá ní kí n máa bọ̀ nílé, lẹ́yìn Ọjà-Ọba, kí àwọn lè máa tọ́jú mi. Mo kọ̀. Mo ní Tanke ló sún mọ́ ọsibítù. Irọ́ ni, Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ni mo ń sá fún. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé igi họ́kì wọlé. Wọ́n ní ọmọ Àáfáà kì í sáré kiri lórí pápá, pé lọ́jọ́ kan wọn á gbé mi wálé ní kíkán, ẹ ò sì ní rí ẹnu sọ̀rọ̀. Gbogbo agboolé ló gbọ́. Ẹ̀yin bọ́ aago ọwọ́ yín, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó jẹun, ẹ sì ní ṣòkòtò mi gùn, orí mi sì wà ní bíbò, kí ló kù? Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà agboolé ni Bàbá Àgbà máa ń tẹ́ ẹní wọn sí láti Alásárì títí oòrùn á fi wọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbé mi kọjá níwájú wọn? Ẹ̀yin ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́ láti bọ́ aago. Ohun tí mo rò nìyẹn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù: pé èmi ni mo sọ yín di ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún tí kò gbọ́.

Àwọn ọmọ ikọ̀ wá ń tọ́jú mi. Kóòṣì pín ọjọ́ fún wọn. Ẹ gbà mí gbọ́, Bàbá, wọn ò fi hàn mí rárá pé ìnira ni. Wọ́n ń fa omi ní kànga, wọ́n ń fọ aṣọ mi títí kan àwọn tó yẹ kí n fọ̀ fúnra mi, wọ́n ń dì mí mú lọ sí ilé ìgbẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n á sì kọjú síta títí n ó fi parí. Ràmátù, tó ń kàwé ní Malete, á wọ bọ́ọ̀sì wá sí Ìlọrin kó lè gbá yàrá mi, á sì tún wọ bọ́ọ̀sì padà lọ gba ẹ̀kọ́. Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ wọn lórí pápá, tí mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá ti rẹ̀ kó lọ sílé ìyá ẹ̀. Mò ń dúpẹ́ lẹ́nu, ojú sì ń tì mí débi pé mi ò lè gbé oúnjẹ mì níwájú wọn.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Mo bẹ Ìyá Tọ́pẹ́, ará ilé mi, pé kí wọ́n máa sọ pé mò ń sùn. Àwọn ọmọ náà á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á pè mí, wọ́n á gbé fúláàsì oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á lọ. Bọ́sẹ̀ kì í tètè lọ. Mo máa ń rí bàtà rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Á dúró, kò ní kan ilẹ̀kùn mọ́, kò sì ní pè mí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ló jẹ́ kí lẹ́tà yìí pẹ́. Nígbà tí mo wà nínú yàrá yẹn, ikọ̀ wa ń fìdí rẹmi. Wọ́n pàdánù àkọ́kọ́, wọ́n pàdánù èyí tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan sì fi èsì náà sórí fóònù fún gbogbo wa. Mo kà á, inú mi sì dùn. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ kí n má baà sá fún un: inú mi dùn, Bàbá. Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹ ò rí i pé èmi ni ikọ̀ náà? Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó láti kírun Mọ̀gàríbì, torí mi ò lè tẹ orúnkún kalẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ Fátíhà. Mo dé àárín, ó pòórá. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó tún pòórá. Fátíhà tí ẹ kọ́ mi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ró ìró. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Mi ò mọ ẹni tí mo lè bi.

Kóòṣì Fúnmi wá fúnra wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọn ò kan ilẹ̀kùn, ojú fèrèsé ni wọ́n ti pè mí. Ẹ mọ̀ wọ́n, tíṣà tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ máa ń pè ní Ìyá Ọlọ́pàá tí wọn ò bá sí nítòsí. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n jókòó, wọn ò bi mí bóyá ara ti ń le. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń nà wá. Mo ní mi ò mọ̀, Mà. Mo rò pé mo mọ̀.

Wọ́n ní, "Wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù síbi tó o máa ń dúró sí. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn ló ti mọ́ ọn lára."

Wọ́n ṣàlàyé pé Ràmátù làwọn fi sípò mi, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò gbáyò ara ẹ̀, ó ń sín mi jẹ ni, títí dórí bí mo ṣe máa ń gbé ọrùn. Wọ́n ní kì í ṣe ẹjọ́ àwọn ọmọ náà, ẹjọ́ òun kóòṣì ni, òun ni òun fi gbogbo ikọ̀ ti ara ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n wá ní, "Mo fẹ́ kó o wá jókòó síbẹ̀ fún wọn." Mo rò pé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n ń sọ. Mo ní ojú ń tì mí. Wọ́n ní àwọn ti rí i, kí n gbé ìtìjú náà dání.

Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ pápá. Láàárọ̀ Sátidé, Bọ́sẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá gbé mi, nígbà tí a sì débẹ̀, mo rí àga oníke aláwọ̀ búlúù kan láàárín pápá, níbi tí mo máa ń dúró sí gẹ́lẹ́. Wọ́n dì mí mú lọ síbẹ̀. Mo jókòó, mo gbé ọ̀pá méjèèjì tí mo fi ń tilẹ̀ rìn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń sáré ìdárayá yí pápá ká dúró, wọ́n ń wò mí. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo ṣubú, ojú ò tíì tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi híjáàbù mi bo orúnkún, bí ẹni pé ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n má rí àga.

Kóòṣì fọn fèrè. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó yí gbirigbiri, ó dúró síwájú ẹsẹ̀ mi tó wà nínú báńdéèjì. Gbogbo wọn dúró. Mi ò lè ṣe nǹkan kan fún un. Kóòṣì ní ẹni tó gbá a kó lọ mú un. Èkejì tún wá. Ẹ̀kẹta. Gbogbo ìgbà ni ẹnì kan á sáré wá, á bẹ̀rẹ̀, á ní kí n má bínú, á gbé bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ mi bí ẹni tó ń gbé nǹkan níwájú òkú. Nígbà tó kan Ràmátù, kò dìde bọ̀rọ̀. Omi ti kún ojú ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ibòmíì tí mo lè gbá a sí."

Bàbá, mi ò tíì jókòó wo pápá yẹn rí. Tí mo bá wà níbẹ̀, mò ń sáré ni. Lórí àga yẹn ni mo ti rí i pé ọmọ yìí yára jù mí lọ, pé àárín tí wọ́n fi í sí ti há jù fún un, ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó sáré nínú yàrá. Mo sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó, torí pé ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ojú wà. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Mo ní, "Kúrò níbi tí mo wà. Lọ sí etí pápá lọ́hùn-ún, kó o ti máa sáré kí wọ́n tó gbá a."

Ó lọ. Ó kọ́kọ́ ń wẹ̀yìn, lẹ́yìn náà kò wẹ̀yìn mọ́. Bọ́sẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́, ẹnì kan fún ẹnì kan, wọ́n gba ẹ̀yìn mi, wọ́n gba iwájú mi. Nígbà tí oòrùn fi máa mú, bọ́ọ̀lù ò wá sídìí àga mọ́ rárá. Mo jókòó láàárín wọn, wọ́n ń gbáyò yí mi ká, kò sẹ́ni tó nílò mi. Ohun tí Kóòṣì ní kí n wá ṣe nìyẹn, mo sì ṣe é dáadáa. Mi ò lè sọ fún yín pé inú mi dùn, mi ò sì lè sọ pé inú mi bàjẹ́.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, mo gbìyànjú láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, mi ò wo ojú ẹ̀. Mo ní omi tó dà lé mi lọ́jọ́sí, mi ò tíì rí ẹnu dúpẹ́.

Ó ní, "Omi wo?"

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo títì, ó ní ẹni tó ń ta ọsàn níbẹ̀ ti fowó lé e. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ti ilẹ̀kùn mọ́.

Wọn ò ṣàdédé máa borí, Bàbá. Wọ́n gbá ọ̀mì, wọ́n tún pàdánù ẹyọ kan. Èèyàn mẹ́ta ló wá ń pín iṣẹ́ tí èmi nìkan ń ṣe láàárín. Kọ́nà tí ẹ máa ń rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹni tó fẹ́ gbá a, tí ẹ máa ń káàánú mi bí mo bá ti dúró sídìí ẹ̀, àwọn ọmọ méjì ló ń gbá a báyìí, àwọn asọ́lé ò sì mọ èwo nínú wọn ló máa gbá a. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ borí, Ràmátù ló gbá gólì méjèèjì wọlé, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Gbogbo wọn sáré wá bá mi níbi ìjókòó, wọ́n dì mọ́ mi. Mo fi híjáàbù bojú. Wọ́n rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Ayọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun nìkan kọ́.

Ọjọ́ Iléyá ni mo tó lọ sílé. Mo ti ń rìn láìlo ọ̀pá nígbà yẹn, mo kàn ń tiro ni. Bàbá Àgbà wà lórí ẹní wọn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo dé iwájú wọn, mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, orúnkún mi sì kọ̀. Mo gbìyànjú, ó dé ìlàjì, ó dúró síbẹ̀. Èmi ọmọ yín wà lóròó níwájú ẹ̀gbọ́n yín lọ́jọ́ ọdún, bí ọmọ tí kò nílé. Mo ní kí wọ́n má bínú, mi ò lè kúnlẹ̀. Mo ń retí ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sá fún látọjọ́ yìí. Mo ti múra ẹ̀ sílẹ̀ pé tí wọ́n bá ti dárúkọ yín, màá sọ pé èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe Bàbá mi.

Wọ́n wo orúnkún mi pẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló borí?"

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n tún un sọ bí ẹni tó ń bínú, wọ́n ní ìdíje tí ikọ̀ wa gbá gbẹ̀yìn, ta ló borí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sún díẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ní kí n jókòó kí n na ẹsẹ̀. Wọ́n ní tí ẹ̀yin Bàbá mi bá ti ń bọ̀ láti pápá, ẹ máa ń dúró níbẹ̀, ẹ ó sọ iye gólì, ẹ ó wọlé. Àwọn ò bi yín rí, àwọn á máa fa tẹ̀sùbáà àwọn lọ bíi pé àwọn ò gbọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti kú, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún àwọn mọ́. Wọ́n wá bi mí bóyá ọmọ gíga tó ń jẹ wàrà yẹn ṣì ń ṣọ́ gólì.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá? Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́? Àbí ẹ kàn ń sọ ọ́ torí pé inú yín dùn, tí ẹ ò rí ẹlòmíì sọ ọ́ fún? Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà lẹ́yìn mi nínú agboolé yẹn. Gbogbo oṣù tí mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí torí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó sọ ọ́ ti gbàgbé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, láti orí ìṣubú dórí àga láàárín pápá. Nǹkan kan ṣoṣo ni mi ò sọ, bí inú mi ṣe dùn nígbà tí wọ́n ń nà wá, ẹ̀yin sì ti mọ ìyẹn báyìí.

Dókítà ti gbà kí n padà díẹ̀díẹ̀. Ràmátù fẹ́ dá àmì balógun padà fún mi, mo ní kó máa lò ó. Mi ò mọ̀ bóyá ìwà rere ni tàbí ìtìjú. Àárín àwọn tó ń jókòó de ìpè ni mo wà báyìí. Lánàá, nígbà tí ìdíje kù díẹ̀ kó parí, Kóòṣì ní kí n wọlé, lápá ẹ̀yìn, kì í ṣe àárín. Ẹ̀ẹ̀kan ni bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ mi. Mo fún ẹni tó sún mọ́ mi jù, ó gbà á, ó lọ. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, torí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún. Wọ́n fi gólì kan lù wá, fèrè sì dún.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Post Office, mo gba ilé lọ. Bàbá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Alásárì tán. Mo tẹ orúnkún mi débi tó lè tẹ̀ dé, mo sì sọ fún wọn pé wọ́n nà wá.

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbáyò?"

Mo ní mo gbáyò díẹ̀. Wọ́n ní Alihamudulilahi, wọ́n sì ń fa tẹ̀sùbáà wọn lọ.

Ojú ṣì ń tì mí, Bàbá. Mo rò pé á máa tì mí fún ìgbà díẹ̀ sí i. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi ni, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ tí ẹ sùn sí tutù fún yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ẹ jẹ́ kó gbé igi họ́kì wọlé, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ fún ọjọ́ kan.